Ọpẹ́ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Sọ

Kànga ni mo gbẹ́ jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù, mo sì fi í sílẹ̀ nígbà tí orúnkún mi kọ̀ láti gbé mi sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kí mi máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, bóyá ó ṣì tó kọ́ láyé òde òní. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dára, ó bọ́ ìyàwó, ó bọ́ ọmọ, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá kọjá nílé onílé tí mo gbọ́ ìró garawa nínú kànga tí mo gbẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí iṣẹ́ yìí ṣe sí àdúrà mi ni mo fẹ́ sọ. Mo ti dàgbà, mo sì rí i pé àwọn ojúgbà mi kì í fẹ́ sọ irú rẹ̀ jáde. A óò wọ aṣọ tó mọ́, a óò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú á sì gbé tirẹ̀ mọ́ra padà sílé.

Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń dáko, ọmọ pọ̀ nílé, n kò sì kàwé jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó lọ́kọ sí Oǹdó ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ògúnlẹ́yẹ, agbẹ́kànga, pé kí ó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde, ó ní kí n máa gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, ó sì lọ. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Ògúnlẹ́yẹ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kì í pariwo, kì í na ènìyàn. Bí o bá ṣe àṣìṣe, yóò kàn wò ọ́, yóò ní kí o lọ jókòó lábẹ́ igi títí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn yóò fi parí. Ìjókòó yẹn burú ju ẹgba lọ, nítorí gbogbo ará ilé tí a ń bá gbẹ́ kànga ni yóò máa kọjá, tí wọn yóò máa bi ọ́ pé, "Ṣé ara ò yá ni?"

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n wọ inú kànga rárá. Okùn ni mo ń fà. Láràárọ̀, mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán tọ okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n máa wá ibi tó bá ti ń já. Bí mo bá fi ojú wò ó dípò kí n fi ọwọ́ wò ó, Ọ̀gá yóò mọ̀, yóò ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó tún ní òfin kan tí mo kọ́kọ́ rò pé eré ni: ẹni tó bá ń bá ọ jà kò gbọ́dọ̀ di okùn rẹ mú. Bí ẹni méjì nínú wa bá ti ṣe gbólóhùn asọ̀ kí a tó dé ibi iṣẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ parí ìjà wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀. Mo ti rí i tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ sínú kànga.

Èyí tó tóbi jù nínú òfin rẹ̀ ni ti àbẹ́là. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, yóò tan àbẹ́là sínú garawa, yóò fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, yóò ṣí fìlà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà gígùn ni. Gbogbo wa á máa wo iná kékeré yẹn nísàlẹ̀ bó ṣe ń jó. Bí ó bá ń jó títí Ọ̀gá fi ṣe Àmín, iṣẹ́ yá. Bí ó bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, kò sì sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ọ̀gá, bí àbẹ́là bá kú kí ẹ tó ṣe Àmín ńkọ́?"

"A óò lọ sílé."

"Bí onílé bá bínú ńkọ́, sà?"

"Òkè ilẹ̀ ni yóò ti bínú," ó ní. "Òkè ilẹ̀ náà sì ni ìwọ yóò wà."

N kò mọ èyí tó ń ṣọ́ wa nínú méjèèjì, bóyá àdúrà ni tàbí àbẹ́là. Lójú Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó sì di ọ̀kan náà lójú tèmi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kànga tó jìn, ẹ̀rù bà mí títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan bò mí. Mo wòkè, ọ̀run ti kéré bí àwo oúnjẹ. N kò gbọ́ ariwo ọjà, n kò gbọ́ ọkọ̀, èémí ara mi nìkan ni mo ń gbọ́. Ilẹ̀ tutù lẹ́yìn mi, òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, tí kò bínú, tí kò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti kọ́ mi ní kátíkísìmù tẹ́lẹ̀, mo sì lè kà á sórí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ kànga yẹn, nínú ọgbà oníkòkó kan ní Oǹdó, ni mo ti mọ̀ ọ́n nínú ara mi pé Ọlọ́run wà.

Akíntádé ni a jọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ Oǹdó gan-an ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá yìí ń ṣe ọṣẹ dúdú, a sì máa ń rí i lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó ń sun èèpo kòkó di eérú, tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín. Akin fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá wà nísàlẹ̀ kànga, orin ni yóò máa kọ, ohùn rẹ̀ á sì máa dún bọ̀ lókè bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Bí a bá parí iṣẹ́, ilé ìyá rẹ̀ ni a máa ń gbà kọjá. Oúnjẹ tí obìnrin yẹn bù fún mi nígbà yẹn kì í ṣe kékeré. Kò ya èmi àti ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ rí.

Nígbà tí Ọ̀gá dá wa sílẹ̀, àwa méjèèjì kó lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn ọdún yẹn le. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tí wọn kò dá dúró ń retí owó oṣù tí kò dé, ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu gaàrí. Omi ẹ̀rọ wá dá láàárín ìlú. Ènìyàn á ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fọn jáde. Ohun tó ń dun àwọn ènìyàn ló wá di iṣẹ́ fún wa. Gbogbo ilé ló ń fẹ́ kànga. Láti Òkè-Àró títí dé ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, wọ́n mọ̀ wá. Mo fẹ́ Mojísọ́lá nígbà náà, a bí Tóyìn. Akin ń múra láti ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ náà.

Ilẹ̀ Àkúrẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀rọ̀. Àpáta wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹ ó gbẹ́ yangí, inú yín á ti máa dùn, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ tí dígà á dún *kan!* Láti ibẹ̀, òòlù àti irin gígùn ni, ẹ ó máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Àdúrà wa kò yẹ̀. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa náà ni: àbẹ́là á sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ọ̀kan nínú wa á ṣí fìlà, ekejì á máa wo iná.

Iṣẹ́ kan wá dé ní ọ̀nà Ọ̀dà, nílé obìnrin opó kan tó jẹ́ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. A gbẹ́ títí a fi wọ àárín àpáta, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ẹ̀gbẹ́. Inú gbogbo ilé dùn. Ṣùgbọ́n omi náà ń yára ju bí a ṣe lè gbọ́n ọn lọ, kànga kò sì tíì jìn tó. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gbẹ kí òjò tó padà dé.

Ní ìgbà yẹn, ẹ̀rọ pọ́ǹpù tó ń lo epo bẹntiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa. Akin ti ra ọ̀kan, tòkunbọ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń gbọ́n omi títí èjìká á fi kú. Pọ́ǹpù yìí á fa omi gbẹ kí ènìyàn tó jẹun tán. A gbé e sí etí kànga, kò lè fa omi láti ibi tó jìn bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ míì ti sọ fún wa pé àwọn máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, kí wọ́n gbé e lé pákó nínú kànga lọ́hùn-ún. Gbogbo ìlú ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a tan àbẹ́là. Akin ló gbàdúrà. Iná náà jó geere, kò mì, títí ó fi ṣe Àmín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tan pọ́ǹpù, mo fà á jáde. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú sínú ọgbà, àwọn ará ilé ń sáré gbé abọ́ wá, obìnrin olùkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, omi Ọlọ́run!" Akin ń bá wọn ṣàwàdà. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó sì kú.

"Epo ló tán," Akin ní. "Jẹ́ kí n lọ bu òmíràn sí i."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo, ó sọ̀kalẹ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pákó. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Akin."

Kò dáhùn.

"Akíntádé! Kí ló dé?"

Àwọn lébìrà méjì wà lọ́dọ̀ mi. Mo so okùn mìíràn mọ́ ìbàdí, mo ní kí wọ́n dì í mú, mo sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo nawọ́, ọwọ́ mi tẹ èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà orí mi fúyẹ́, ojú mi ṣú, ohùn àwọn tó wà lókè jìnnà sí mi bí ẹni pé wọ́n wà ní òdìkejì ìlú. Èyí tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń da omi lé mi lójú, obìnrin olùkọ́ náà ń ké.

Kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbé Akin jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dókítà sọ fún wa ní ọsibítù pé èéfín ẹ̀rọ náà ni, pé ó ti kún ìsàlẹ̀ kànga, pé ènìyàn kì í rí i, kì í sì í gbọ́ òórùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dá a dúbúlẹ̀.

Ọ̀gá Ògúnlẹ́yẹ wá láti Oǹdó. Ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Ó jókòó sí etí kànga náà, ó sì wo inú rẹ̀ títí.

"Ṣé ẹ gbàdúrà?" ó bi mí.

"A gbàdúrà, sà. Akin ló gbà á."

"Àbẹ́là ńkọ́?"

"Ó jó dáadáa, sà. Ó jó títí dé Àmín."

Ó tẹrí ba. Mo rò pé àdúrà ni yóò gbà, mo sì ṣí fìlà mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Mo kọ́ yín ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Èyí, n kò mọ̀ ọ́n." Omi ń dà lójú rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ lójú ọkùnrin yẹn rí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbẹ́ kànga mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè rò pé ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ mi mì. Kì í ṣe ìgbà náà. Ìbànújẹ́ ni tìgbà náà. Ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rò jinlẹ̀. Lẹ́yìn tí a sin Akin tán, àwọn ẹbí mi àti ti ìyàwó mi jókòó, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe ohun ńlá fún mi, mo sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi àti Akin jọ ń lọ ní Oǹdó nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n mú fún ìdúpẹ́ náà. Wọ́n rò pé ìyẹn ló tọ́. Kò sẹ́ni tó ní èrò búburú nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, àlùfáà pe orúkọ mi. Ó ní, "Ẹ wo arákùnrin wa tí Ọlọ́run fà yọ láti inú kòtò ikú! Àwọn míì lọ, wọn kò padà." Ìjọ bú sórin. Àwọn ẹbí mi ń jó bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ń rìn lọ sí iwájú pẹpẹ, mo sì gbé ojú sókè, mo rí ìyá Akin. Ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, nínú aṣọ dúdú. Ó di ìwé orin rẹ̀ mú, kò ṣí i.

Mo kúnlẹ̀. Àlùfáà ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọpẹ́ mi. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Kí ni n ó sọ? Pé O ṣeun tí o mú èmi tí o fi í sílẹ̀? Níwájú rẹ̀ níbẹ̀? Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ló dí mi lọ́fun, orin wọn tún wá ga sí i. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Adéwọlé, o padà wá. Inú mi dùn pé o padà wá." Ó sì lọ.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti já nínú mi.

Kì í ṣe pé mo sọ pé Ọlọ́run kò sí. Ó rọrùn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò kàn rí ohun tí a lè bá ara wa sọ mọ́ ni. Àwọn ènìyàn ṣàlàyé fún mi. Ẹnìkan ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà nínú ayé Akin tí a kò mọ̀. Ẹlòmíràn ní omi ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín, pé ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ tù ú lójú. Wòlíì kan láti ìjọ tuntun kan ní àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé gbogbo wọn ń wá ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀rù tiwọn pamọ́ sí. Kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí Ọ̀gá sọ, pé òun kò mọ̀.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọmọ á jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan tó wọ kànga mi. Àbẹ́là ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń sọ̀kalẹ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá fẹ́ padà wọ kànga. Ṣùgbọ́n n kì í gbàdúrà lórí rẹ̀ mọ́. Mo máa ń dúró tí n óò máa wò ó, n óò sì dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé nínú ọkàn ni mo ń gbà á. Mojí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì bi mí. Mò ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń dìde nígbà tí wọ́n bá dìde, mò ń jókòó nígbà tí wọ́n bá jókòó.

Ọdún ń gorí ọdún. Òrùka kankéré tí a ń tò sí ara kànga kí ó má baà wó dé, a kò fi yangí lásán sílẹ̀ mọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, mo rà tèmi, mo sì ń ronú pé ká ní ó ti wà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńlá tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù wọ̀lú. Ohun tí yóò gba ọwọ́ wa lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọn yóò ṣe é tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sì sí ẹni tí yóò wọ inú ilẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ráhùn. Èmi kò lè ráhùn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ kan, mò ń wo irin náà bó ṣe ń yí lọ sínú àpáta, mo sì ní nínú mi pé, ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìgbàkígbà tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí apá Oǹdó, mo máa ń yà sọ́dọ̀ ìyá Akin. N óò pọn omi sínú àmù rẹ̀, n óò tún ibi tí òrùlé ti ń jò ṣe, a óò jẹun. A kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìyẹ̀. Èyí ló ń yà mí lẹ́nu jù. Èmi tí Ọlọ́run mú jáde kò rí ohùn, òun tí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ kò pa ìsìn kan jẹ.

Lọ́jọ́ kan, irun ti funfun lórí àwa méjèèjì, mo bá a tó ń ro ọṣẹ nínú agbada. Mo jókòó, mo sì bi í léèrè.

"Màmá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí lẹ máa ń sọ fún Un bí ẹ bá ń gbàdúrà?"

Kò wò mí. Ó ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ. "Láti ọjọ́ tí Akin ti lọ, mi ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo kàn ń kí I ni."

"Ẹ ń kí I?"

"Bí mo bá jí, mo máa ń sọ pé, Mo ti jí o. Bí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń sọ pé, Mo fẹ́ sùn o. Bí inú bá bí mi, mo máa ń sọ fún Un pé kò ṣe mí dáadáa."

"Ṣé Ó máa ń dá yín lóhùn?"

"Ó tì o." Ó gbé orógùn sókè, ó wo bí ọṣẹ náà ṣe ń kán. "Ṣùgbọ́n bí mi ò bá bá A jà, ta ni n ó bá jà? Ìwọ ni? Àbí ọ̀gá yín tó sunkún wọ sàréè? Òun nìkan ló tóbi tó o, Adéwọlé."

Ó tún ní, "Ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ yẹn, ṣé o rò pé ó dùn mí?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé o ò sọ ohunkóhun. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà sí Àkúrẹ́, kò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tó yá, orúnkún mi bàjẹ́, mo kó irin àti okùn mi fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo jókòó sílé. Ènìyàn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á ní àyè láti ro gbogbo ohun tó ti fi iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Bọ́sẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Akin tó ń tọ́jú rẹ̀, ló pè wá pé ara Màmá kò yá, pé ó ń béèrè mi. Èmi àti Mojí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó. A bá a lórí ibùsùn, ó ti rù púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Bọ́sẹ̀ sọ fún un pé, "Màmá, wọ́n ti dé."

Ó ní kí n súnmọ́ tòsí. "Adéwọlé, àwọn àlùfáà ti gba tiwọn. Gba tìrẹ fún mi."

"Màmá, mi ò mọ ohun tí n ó sọ."

"Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo wo Mojí. Ó wolẹ̀. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo ṣí fìlà. Yorùbá ìwé àdúrà kò wá sí mi lẹ́nu. Ohùn Ìta-Ògbólú ni mo fi sọ ọ́, bí mo ṣe máa ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lóko. Mo ní, Olúwa, èmi Adéwọlé ni. Ó ti pẹ́. Mo ní, O mọ ọjọ́ náà, O wà níbẹ̀ tàbí O kò sí níbẹ̀, ìyẹn kò yé mi títí di òní. A gbàdúrà sí Ọ láàárọ̀, ọmọ Màmá ló gbà á. Ó wọ inú kànga, ó jókòó, mo pè é, kò dáhùn. Mo tọ̀ ọ́ lọ. Mo na ọwọ́, mo dì í mú ní èjìká.

Mo gbọ́ tí ibùsùn mì. Màmá ti la ojú.

"O fọwọ́ kàn án?"

"Mo fọwọ́ kàn án, Màmá."

"Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo dì í mú títí n kò fi mọ nǹkan kan mọ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń pọn omi fún un, kò bi mí, èmi náà kò mọ̀ pé ó jẹ́ nǹkan tí ìyá lè fẹ́ gbọ́. Mo rò pé èyí tó ṣe pàtàkì ni pé n kò lè gbé e jáde. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ojú rẹ̀ wọ etí rẹ̀, Bọ́sẹ̀ sì ń fi aṣọ nù ún.

"Mo rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ náà wá, ohun tí mo ń bá A jà lé lórí nìyẹn. Pé O fi ọmọ mi sílẹ̀ lóun nìkan."

Lẹ́yìn náà, ó wò mí, ó ń retí. Mo mọ ohun tó ń retí. Mo rẹ ohùn mi wálẹ̀, mo ní, Olúwa, mo dúpẹ́ pé O jẹ́ kí ọwọ́ mi débẹ̀.

"Àmín," Màmá dáhùn. Ohùn rẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi lọ. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Akin. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Àkúrẹ́, a ti jìnnà sí Oǹdó kí Mojí tó ní, "Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ ti padà sọ́dọ̀ Rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mojí."

"Ẹ bá A sọ̀rọ̀."

"Mo bá A sọ̀rọ̀."

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Ẹ má retí kí n sọ fún yín pé ohun gbogbo ti yé mi. N kò mọ ìdí tí àbẹ́là fi jó láàárọ̀ tí Akin kò fi padà lọ́sàn-án. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n, n óò kí i, n óò sì máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí, ẹ kọ́ ọ dáadáa, ẹ gbọ́ ti ọ̀gá yín, kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí ohun tí ọ̀gá yín mọ̀ kò ní tó. Ìyẹn kò sọ ọ̀gá yín di òpùrọ́. Kò sọ àdúrà yín di irọ́ náà. Ibi tí mo dé nìyẹn, n kò sì lè tì yín kọjá ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé láti ibi ìsìnkú náà, Mojí kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Orúnkún tèmi kò ṣe é kúnlẹ̀ mọ́. Mo dìde, mo rìn yí ká ibùsùn, mo sì jókòó sí tòsí rẹ̀. Kò la ojú. Ó kàn sún díẹ̀, kí àyè lè gbà mí.